Ìgò Tó Jẹ́ Orúkọ Obì, Tó Gbé Ìrísí Kòkó Wọ̀

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn èèyàn sọ ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn nìyí, àwọn tí ò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ ni.)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbéra láti Àpáta, láti Bódìjà, láti Ọjàaba, nínú oòrùn tó ń mú báyìí. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dijú. Mo fẹ́ gbé nǹkan kan káàkiri, ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ kó fọwọ́ pa á lára, kó má wò ó o, kó kàn sọ ohun tó jẹ́ fún wa.

Mama tó jókòó níwájú ni mo kọ́kọ́ gbé e fún. Ọwọ́ wọn ò tíì yí i ká tán tí wọ́n fi ní, "Ìgò Kóòkì ni jàre." Ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé wọn náà sọ bẹ́ẹ̀, ẹnì kẹta náà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lajú.

Ṣé ẹ rí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ yẹn? Iṣẹ́ tí wọ́n rán ìgò yẹn gan-an nìyẹn, láti 1915. Àwọn tó ń rọ Coca-Cola sínú ìgò ní Amẹ́ríkà ló sọ fún àwọn oníṣẹ́ gíláàsì pé àwọn fẹ́ ìgò kan tí èèyàn máa dá mọ̀ nínú òkùnkùn tó bá ti fọwọ́ kàn án, kódà tó bá fọ́ yángá sílẹ̀, kí ẹni tó rí àfọ́kù ẹ̀ ṣì mọ ohun tó jẹ́ kó tó fọ́. Ẹ wá wo bó ṣe jẹ́ pé ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, n'Ìbàdàn ńbí, Mama dijú wọ́n sì dá a mọ̀.

Kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìgò ti bá mi. Ìyá mi ta mínírà ní Mọ́kọ́lá níbí fún ọdún gbọọrọ, èmi ni mo sì máa ń to òfìfo ìgò sínú kíréètì tí mo bá ti ilé ìwé dé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí mọ̀ pé kì í ṣe eré, torí tí ọkọ̀ mínírà bá dé tí wọ́n bá ìgò Fanta nínú kíréètì Kóòkì wọn ò ní gbà á, tí wọ́n bá sì rí èyí tí ẹnu ẹ̀ sán wọn ò ní gbà á, owó ìgò ti wọlẹ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá wá mú iná lọ, tí a ò tíì rí ìṣáná tan àtùpà, ọwọ́ ni mo fi ń ṣà wọ́n. Èyí tó sún ìdí sínú tó yọ àyà ni Kóòkì. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ẹnì kan jókòó níbì kan ó ro òkùnkùn yẹn mọ́ ìgò náà. Nígbà tí mo wá kà á lẹ́yìn tí mo ti dàgbà, ara mi bù máṣọ.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń wá ìdí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́ kí ìgò mínírà yàtọ̀ sí ìgò epo. Gáàsì ni. Gáàsì inú omi sódà ń wá ọ̀nà àtijáde ní gbogbo ìgbà, ó ń ti ìdérí, ó ń ti ara ìgò. Joseph Priestley ló rí i ní Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1767 pé tí èèyàn bá gbé omi sórí ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń pọn ọtí bíà, gáàsì tó ń tara ọtí yẹn jáde máa wọ inú omi, omi náà á wá máa ta lẹ́nu. Jacob Schweppe sọ ọ́ di òwò ní Geneva ní 1783, ó gbé e lọ sí London ní 1792. Òwò ti dé, ṣùgbọ́n wàhálà ìdérí ò tán, torí kọ́ọ̀kì igi ni wọ́n fi ń dí i, kọ́ọ̀kì igi tó bá sì gbẹ á súnkì, gáàsì á lọ, omi lásán ló máa kù.

Ibi tí ọgbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. William Hamilton ní 1809 gbé ìgò kan jáde tí ìdí ẹ̀ rí ṣómúṣómú bí ẹyin, kò lè dá dúró láéláé, dandan ni kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹni tí ò bá mọ̀dí ẹ̀ máa ní àwọn tó ṣe é ò mọ iṣẹ́. Wọ́n mọ iṣẹ́ dáadáa o! Tí ìgò bá ti wà ní ìdùbúlẹ̀, omi á máa rin kọ́ọ̀kì, kọ́ọ̀kì ò ní gbẹ, gáàsì ò sì ní rí ọ̀nà. Mo fẹ́ràn ìgò yẹn gan-an torí pé tẹ́ ẹ bá ti mọ ohun tó ń bá jà, ìrísí ẹ̀ á yé yín láìsí pé ẹnì kan ṣàlàyé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Hiram Codd, ó gba páténtì ti ẹ̀, ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí pé ẹnì kan ló ni ọgbọ́n kan, ní 1872. Ọ̀gbẹ́ni yìí fi kóro gíláàsì róbótó kan sínú ọrùn ìgò, tó tó ọmọ ayò, ó wá fi rọ́bà yí ẹnu ìgò ká nínú. Ẹ wò ó, gáàsì tó fẹ́ jáde yẹn náà ló ń ti kóro gíláàsì lọ lẹ̀ mọ́ rọ́bà, bó ṣe ń tì í tó ló ṣe ń tì í pa. Olè wá di ọdẹ! Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mu ún, ẹ máa fi nǹkan ti kóro yẹn wọlé, ó wá ní ibì kan tí wọ́n fún lọ́rùn ìgò tí kóro náà máa há sí kó má baà tún yí padà wá dí ẹnu nígbà tẹ́ ẹ bá ń mu. Wọ́n ṣì ń ta irú ẹ̀ ní Japan títí dòní, Ramune ni wọ́n ń pè é, àwọn ará Íńdíà náà ṣì ń lò ó. Àwọn ọmọdé máa ń fọ́ ọ torí kóro inú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí odindi rẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ìgò àtijọ́ jọ.

Ní Amẹ́ríkà, Charles Hutchinson ti Chicago ṣe ti ẹ̀ ní 1879, ó fi wáyà àti rọ́bà sínú ọrùn ìgò. Irú ìgò Hutchinson yìí ni Joseph Biedenharn rọ Coca-Cola sí ní Vicksburg ní 1894, nígbà tí ohun mímu náà ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, torí 1886 ni John Pemberton po ó ní Atlanta. William Painter ní tiẹ̀ gba páténtì ìdérí onípáánù tó ní eyín yíká ní 1892, èyí tí gbogbo wa fi ṣeré nígbà tá a wà lọ́mọdé, tá a máa ń tẹ̀ pẹlẹbẹ tá a dá lu láàárín tá a fi òwú sí, tó ń yí fìrìrì. Ìdérí Painter yìí ló parí ìjà gáàsì. Àtìgbà yẹn, ìgò ò nílò láti ní ìrísí àràmàǹdà nítorí gáàsì mọ́, ó lè rí bó ṣe wù ú. Ohun tó jẹ́ kí ìgò 1915 ṣeé ṣe nìyẹn, ẹ fi sọ́kàn.

Ó wá di pé ìgò gbogbo wá jọra, gbọọrọ lásán, ẹni tó bá po ohun mímu dúdú kan á wá fún un lórúkọ tó jọ Coca-Cola, á fi ìwé lẹ̀ ẹ́, wọ́n á kó gbogbo ẹ̀ sínú àgbá omi yìnyín kan náà, ìwé á ṣí, ẹni tó kọwọ́ bọ̀ ọ́ ò mọ èyí tóun fà yọ. Ìyẹn ló fa iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún àwọn oníṣẹ́ gíláàsì.

Iléeṣẹ́ tó borí ni Root Glass Company, ní ìlú Terre Haute ní ìpínlẹ̀ Indiana. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ o. Wọ́n rán àwọn méjì, Clyde Edwards tó ń bójú tó ìwé owó àti Earl Dean tó ń ṣe mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun tí wọ́n ń da gíláàsì gbígbóná sí kó lè gba ìrísí ìgò, lọ sí láíbúrì ìlú náà, wọ́n ní kí wọ́n lọ wo bí àwọn nǹkan tí wọ́n fi sọ Coca-Cola lórúkọ ṣe rí, bóyá ìrísí ìgò lè tara ẹ̀ jáde. Nǹkan méjì ló wà nínú orúkọ yẹn. Coca, ewé kan ni láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Cola, obì ni. Obì tiwa yìí! Èyí tá a fi ń gba àlejò, tá a fi ń sọmọ lórúkọ.

Wọ́n ṣí Encyclopaedia Britannica. Wọn ò rí àwòrán coca tó wúlò, wọn ò rí ti kola tó wúlò. Ohun tí ojú wọn bà lé ni àwòrán èso kòkó. Cocoa, coca, ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe súnmọ́ra lẹ́nu Òyìnbó. Kòkó ò sí nínú Coca-Cola rárá. Ṣùgbọ́n Dean wo bí èso yẹn ṣe rí, ó gùn, ó yọ láàárín, ó ní ìlà gbàgàdà-gbagada tó wá látòkè délẹ̀, ó ya àwòrán ìgò látara ẹ̀, ó gbẹ́ mọ́ọ̀dù ẹ̀, ó sáré da ìwọ̀nba ìgò díẹ̀ kí wọ́n tó pa iná ìléru fún àsìkò ooru.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, n'Ìbàdàn ni mo wà, mo jókòó sínú ọkọ̀ ní Dùgbẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, mo gbójú sókè, Ilé Kòkó ló wà níwájú mi. Àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, 1965 ni wọ́n parí ẹ̀, owó oko àwọn bàbá wa ló kọ́ ọ. Mo wo ilé yẹn, mo wo fóònù mi, mi ò lè sọ bó ṣe rí lára mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo gba ọ̀nà Ìdí Ayunrẹ́ lọ. Ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó wà, CRIN, àtì 1964 ni, kì í sì í ṣe kòkó nìkan ni wọ́n ń ṣèwádìí ẹ̀, obì náà wà níbẹ̀, kọfí wà níbẹ̀, kajú wà níbẹ̀. Mi ò wọlé lọ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ o, ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kan lẹ́bàá títì ni mo dúró sí, mo ra èso kòkó kan tó ti pọ́n yòò, mo ra àpò obì kan, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò mi lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Àpò obì ò ní ìlà kankan bíi ti kòkó, ó kàn wú kúlúkúlú ni, tí wọ́n bá rí àwòrán ẹ̀ nínú ìwé yẹn bóyá ìgò tá à ń wò yìí ò ní wáyé. Mo wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé ìlà kan lára kòkó látìdí dórí, mo fi àtàǹpàkò kan náà tẹ̀ lé ìlà kan lára ìgò. Bákan náà ló rí lọ́wọ́. Bàbá àgbẹ̀ yẹn ń wò mí, wọ́n ní, "Ṣé ìwọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé wọ́n jọra ni?" Wọ́n ní láti kékeré làwọn ti mọ̀.

(Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè níbí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe ìdí obìnrin ni wọ́n wò ṣe é? Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbọ́.") Àbúrò, o ṣé. Gbogbo ayé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà lásìkò yẹn, síkẹ́ẹ̀tì kan wà tó fún lẹ́sẹ̀ tí obìnrin ò fi lè rìn dáadáa, hobble skirt ni wọ́n ń pè é, wọ́n wá fi sọ ìgò náà lórúkọ, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tún fi orúkọ Mae West, òṣèré obìnrin kan, pè é. Orúkọ ìnagijẹ ni gbogbo ẹ̀, ẹ̀yìn tí wọ́n bí ọmọ tán ni wọ́n sọ ọ́. Ìdí tí mo fi ń ṣèwádìí nìyẹn, torí ìtàn tó dùn máa ń sáré ju èyí tó jóòótọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ya á gan-an náà ní ìjà tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá páténtì ọjọ́ 16 oṣù November 1915 yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà 48,160, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè kà á lórí fóònù yín kẹ́ ẹ tó délé, orúkọ Alexander Samuelson lẹ máa rí. Ọ̀gá níléeṣẹ́ Root ni, ọmọ ilẹ̀ Sweden ni. Orúkọ Dean ò sí níbẹ̀. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ń sọ pé Samuelson ló ṣe é, àwọn míì tún wá ń sọ pé Raymond Loewy, gbajúmọ̀ tó ń ya ìrísí nǹkan, ni, bẹ́ẹ̀ Loewy ò débẹ̀ títí di 1955 nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe èyí tó tóbi. Dean tó lo ọwọ́ ẹ̀, wọ́n ní kó mú nínú $500 tàbí iṣẹ́ títí láé níléeṣẹ́ náà, ó mú iṣẹ́. Ó máa ń ká mi lára. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tiwa náà ńkọ́, mélòó nínú wọn lorúkọ wọn wà lára nǹkan tí wọ́n ṣe?

Ẹ tún wo àwòrán inú páténtì yẹn dáadáa, ìgò ibẹ̀ kì í ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ó sanra ju báyìí lọ láàárín. Orúkọ Coca-Cola ò tiẹ̀ sí lára ẹ̀. Èyí tó sanra yẹn ni Dean kọ́kọ́ dà, àyà ẹ̀ fẹ̀ ju ìdí ẹ̀ lọ, tó bá dé orí bẹ́líìtì tó ń gbé ìgò kiri nínú fáktìrì á máa ta gìrọ́gìrọ́, á ṣubú. Wọ́n wá bù ú kù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún títà ní 1916. Àwọn tó sanra yẹn, wọ́n fọ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù láyé ò ju ìwọ̀nba kín-ún lọ, ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n lù ní gbàǹjo ní 2011, ó lọ ní $240,000. Ìgò òfìfo o!

Kí n wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi torí kó má baà ṣẹlẹ̀ sí yín. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà bá mi ra ìgò tẹ́ ẹ fọwọ́ pa yìí. Ẹni tó tà á fún un kọ ọ́ sínú ìwé pé ọjọ́ Kérésìmesì 1923 gan-an ni wọ́n ṣe é, pé irú ẹ̀ ò sí mọ́, owó gidi ló gbà. Ó sì wà lára ìgò lóòótọ́, ó hàn kedere, BOTTLE PAT'D DEC. 25, 1923. Ọdún méjì ni mo fi ń sọ ọ́ káàkiri fáwọn èèyàn. Ó dìgbà tí mo jókòó ti ìwé kí n tó mọ̀ pé ọjọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí páténtì kejì nìyẹn, àìmọye ìgò tí wọ́n ṣe ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ẹ̀ ló ní ọjọ́ yẹn lára, títí tí páténtì 1937 fi dé tí wọ́n wá ń kọ D-105529 síbẹ̀. Ọjọ́ tí C of O jáde kọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n kọ́lé, ṣé ó yé yín? Ó dùn mí wọra, torí mo ti fi ẹnu ara mi tan irọ́ kálẹ̀, ẹni tó tà á sì mọ ohun tó ń ṣe.

Báyìí, ara ìgò ni mo kọ́kọ́ máa ń kà, kí n tó gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ rí ìlà tín-ín-rín yìí tó gba ẹ̀gbẹ́ gòkè? Ibi tí mọ́ọ̀dù méjì ti pàdé ni. Tó bá gùn títí dé ẹnu, ẹ̀rọ ló ṣe ìgò yẹn. Tó bá dá dúró lọ́rùn tí ò dé ẹnu, ọwọ́ ni wọ́n fi parí ẹnu ẹ̀, ó sáábà máa ń dàgbà ju ti ẹ̀rọ lọ, torí ìbẹ̀rẹ̀ 1900 ni Michael Owens ṣe ẹ̀rọ tó ń dá ṣe ìgò látòkè délẹ̀, 1903 ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo àwọ̀ ẹ̀, ó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú. Irin tó wà nínú yanrìn ló fún un láwọ̀ yẹn. Ẹ yí i, ẹ wo abẹ́ ẹ̀, Chattanooga, Tenn., ìlú tí wọ́n ti rọ mínírà sínú ẹ̀ ni. Wàyí o, ẹ wo ibi tó fẹ̀ jù láyìíká, ẹ rí bó ṣe funfun tó há bí ìgbà tí wọ́n fi yanrìn ha á? Ìgò méjì tó ń fara gbún ara wọn nínú kíréètì, nínú ẹ̀rọ, lóri ọkọ̀, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣe funfun tó ló ṣe lọ tó bọ̀ tó. Ìgò ìyá mi gbogbo ló ní àpá yẹn, èmi náà sì wà lára àwọn tó ṣe é.

Ibi tí mo bá a dé nílẹ̀ wa ni pé 1953 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Coca-Cola sínú ìgò ní Nàìjíríà, ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta l'Ékòó. Èyí tó wá kàn mí jù báyìí ni àwọn ìgò tó dé Ìbàdàn lẹ́yìn ìyẹn. Mo ń lọ sí National Archives tó wà nínú ọgbà UI, mo ń ṣí ìwé ìròyìn àtijọ́ wò, Tribune ti wà n'Ìbàdàn láti 1949, ìpolówó mínírà ni mò ń wá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé nìkan ò tó, ìgò gan-an ni mo nílò. Mo mọ ibi tí wọ́n wà. Wọ́n wà nílé yín. Èyí tí ẹ fi ń wọn epo, èyí tí ẹ̀pà wà nínú ẹ̀, èyí tí oyin wà nínú ẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá Àgbà. Ẹ má fi yanrìn ha wọ́n, ẹ má fi kànìnkànìn onírin fọ̀ wọ́n o, lẹ́tà tó wà lábẹ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Ẹ ya fọ́tò abẹ́ ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ gbé e wá.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí nìyẹn, àfi bí Mama tó wà níwájú ṣe tún gba ìgò yẹn lọ́wọ́ mi. Wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, wọ́n fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà abẹ́ ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní àwọn ní ọ̀kan nílé l'Ọ́jẹ̀ẹ́ tí ìyá ọkọ wọn fi sílẹ̀, òróró ẹ̀pà làwọn ń fi wọ̀n, àti pé lẹ́tà wà lábẹ́ tiẹ̀ náà, àwọn ò kàn bi í léèrè rí ni. Wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Sátidé, kí n mú gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá yẹn dání.